Iná tó Wà ní Ìdí Ọta

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì! Ìwọ tó wà ní Houston, mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìwọ tó wà ní Ìwárò-Ọ̀kà ní Àkókó, ojúkojú ni o ti bi mí, nígbà tí a jọ ń bọ̀ láti ìpàdé ọdẹ ní Ìkàrẹ́. Ìbéèrè kan náà ni ẹ jọ bi mí: práímà wo ló dára jù fún ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọta ki nílé? Ìdáhùn ẹni tó wà lókè òkun yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà nílé, nítorí òfin ilẹ̀ méjèèjì yàtọ̀, ìbọn ọwọ́ yín yàtọ̀, ẹ̀tù tó wà ní àrọ́wọ́tó yín náà yàtọ̀. Àmọ́ ẹ jọ gbọ́ ọ pọ̀, kí ẹnì kan má baà lọ mú ìmọ̀ràn ẹnì kejì lò.

Ohun tó kan ẹ̀yin méjèèjì nìyí. Ìwé ẹni tó ṣe ẹ̀tù ló ń yan práímà. Ọjà kọ́ ló ń yàn án, ọ̀rẹ́ kọ́, ohun tó ṣẹ́ kù nínú àpótí kọ́. Ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ kò fún láàyè, kí ó ra ọta tí ilé iṣẹ́ ti ki tán. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè dùn létí ọ̀dọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń yún, ẹ ṣáà fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin.

Bí ẹ bá yí ìdí ọta kan sókè, ẹ ó rí ohun róbótó kan tí kò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ, tó rì sí àárín idẹ. Òun ni práímà. Oògùn abúgbàù díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ìbọn bá gún un, oògùn yẹn a há sáàárín ojú idẹ tó gún wọlé àti irin tín-ín-rín kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀, a bú, iná rẹ̀ a gba ihò kan kọjá lọ bá ẹ̀tù. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti parí. Bí iná náà bá kéré jù, ẹ̀tù a jó ségesège tàbí kí ó má jó rárá. Bí ó bá pọ̀ jù fún irú ẹ̀tù tí ẹ lò, ipá inú ọ̀pá ìbọn a ga ju ohun tí irin náà lè gbà lọ. Nítorí náà, ẹ má ka práímà sí ohun tí a kàn fi ń ṣáná. Ó wà lára òṣùwọ̀n ọta, bí ìwọ̀n ẹ̀tù ṣe wà lára rẹ̀.

Àwọn bàbá wa kò mọ̀ ọ́n. Òkúta ìbọn ni wọ́n mọ̀. Nínú ṣakabùlà olókùúta, bí òòlù ìbọn bá ju òkúta lu irin, iná a ta sínú àwo ẹ̀tù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn, èéfín a kọ́kọ́ rú níbẹ̀ kí ìbọn tó dún. Ìgalà tó bá gbọ́n a ti fò kúrò lójú ibi tí ọta ń lọ. Bí òjò bá sì rọ̀ sínú àwo náà, ọdẹ a ká ìbọn rẹ̀ wálé.

Àlébù yìí gan-an ló bí práímà. Àlùfáà ìjọ kan wà ní Belhelvie ní ilẹ̀ Scotland, Alexander Forsyth lorúkọ rẹ̀, tó fẹ́ràn láti máa yìnbọn pa ẹyẹ. Ìmọ́lẹ̀ àwo ẹ̀tù ló ń ta àwọn ẹyẹ lólobó, wọ́n ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá mú oògùn irú èyí tí a fi mẹ́kúrì ṣe, tí Edward Howard ti ṣàlàyé fún àwọn onímọ̀ ní London lọ́dún 1800, oògùn tí kò nílò iná, lílù nìkan ló ń fẹ́ kí ó tó bú. Ó fi rọ́pò òkúta, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní 1807. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ń rẹ́ oògùn bẹ́ẹ̀ sínú fìlà bàbà kékeré tí a ń dé sí ìdí ìbọn. Ìyẹn ni kápù tí àwọn ọdẹ wa kan ṣì ń lò dòní. Nígbà tó di 1866, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Hiram Berdan, àti ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Boxer, fi práímà sínú ìdí ọta fúnra rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀: ti ará Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà gbà lò, ti ará Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù gbà lò.

Iṣẹ́ ọwọ́ Boxer yẹn kì í ṣe àlejò nílẹ̀ wa. Ó ti lé ní ogóje ọdún tó ti dé. Nígbà ogun Kírìjí, láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì parí títí wọ ọdún 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ra ìbọn Snider ránṣẹ́ sójú ogun fún Èkìtìparapọ̀. Ìbọn tí a ń ki láti ìdí ni, ọta Boxer ló sì ń jẹ. Ìbàdàn tí wọ́n ń bá jà, tó di ṣakabùlà mú, ní láti kọ́ ọgbọ́n mìíràn. Ẹ ò rí i pé práímà tí ẹ ń bi mí léèrè ti jà nínú ogun wa.

Kí ló wá dé tí ṣakabùlà fi kù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ Àkókó, tí Snider lọ? Ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn alájọṣe wọn péjọ ní Brussels, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà mọ́. Ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ kò ní ìlà, pẹ̀lú ẹ̀tù òwò lásán, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn aráàlú. Láti Brandon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òkúta rẹ̀ ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lápá kan. Àmọ́ ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn ni ìbọn Maxim ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dún ní Ìmàgbọ̀n sí àwọn Ìjẹ̀bú. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Òfin Ìbọn tí ìjọba wa gbé jáde ní 1959 kò jìnnà púpọ̀ sí ojú tí wọ́n fi wò ó nígbà náà. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí a kà léèwọ̀, irú ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn ológun, èyí tí ènìyàn lè gba ìwé àṣẹ lé lórí, irú ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́ tí kì í fúnra rẹ̀ kó ọta àti ráífù ọdẹ, àti èyí tí a ń ki láti ẹnu, ṣakabùlà, olókùúta, oníkápù. Òfin kan náà kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti máa ṣe ìbọn tàbí ọta bó ṣe wù ú. Òfin Ohun Abúgbàù ti 1964 sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tù àti ohun tó fara jọ ọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ìwọ ti Houston, ìwọ ni mo fẹ́ bá jókòó pẹ́.

Kí o tó ná dọ́là kan, wo ìwé ìgbélùú rẹ. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, títí kan akẹ́kọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi bí ó bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bíi kí ó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní gíríìn káàdì kò sí lábẹ́ ìfòfindè yẹn. Tí o bá ń ki ọta fún ìlò ara rẹ, ìjọba àpapọ̀ kò bi ọ́ ní ìwé àṣẹ. Ọjọ́ tí o bá sọ ọ́ di òwò, tí o ń ki ọta tà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní pápá ìyìnbọn, o ti di oníṣẹ́ tó yẹ kó gba ìwé àṣẹ nìyẹn. Àbúrò ìyá rẹ tó wà ní London béèrè irú nǹkan yìí rí, ibẹ̀ tún le jù: òfin wọn ti 2006 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ra práímà gbọ́dọ̀ fi ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ han ẹni tó ń tà á.

Nígbà tí ìyẹn bá ti tọ́, ìwé ìlànà ọta kíki ni kí o kọ́kọ́ rà, kí o tó ra ẹ̀rọ. Lyman ń tẹ ọ̀kan, Hornady ń tẹ ọ̀kan, Hodgdon tó ń ta ẹ̀tù náà ń tẹ tirẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ṣí i sí ojú ewé ìbọn rẹ. O ó rí i pé wọn kì í kọ ìwọ̀n ẹ̀tù nìkan. Wọ́n a kọ irú èèpo ọta, irú práímà, irú ẹ̀tù, irú orí ọta, pẹ̀lú ìwọ̀n tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Gbogbo wọn ló jọ wà nínú ìbọn ìdánwò nígbà tí wọ́n ń wọn ipá rẹ̀. Bí o bá pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn, kì í ṣe ohun tí wọ́n wọ̀n ni o ń yìn mọ́, ohun tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n rí ni. Nítorí náà, bí ó bá pọn dandan kí o pààrọ̀ práímà, kódà láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, padà sí ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, kí o máa gòkè díẹ̀díẹ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 2020. Àrùn kòrónà dé, ìbẹ̀rù dé, ilé iṣẹ́ Remington wọ gbèsè débi pé ó sá di ilé ẹjọ́ lọ́dún yẹn, práímà sì wọ́n bí ojú. Èyí tí wọ́n ń ra ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ní nǹkan bíi dọ́là 30 sí 40 tẹ́lẹ̀ fò kọjá 100. Àwọn ènìyàn wá ń ra ohunkóhun tí wọ́n bá rí lórí pẹpẹ, wọ́n ń sọ pé práímà ni práímà ń jẹ́. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí èyí tí ìwé dárúkọ kò bá sí lọ́jà, ìsinmi dé nìyẹn. Ìbọn kì í kú sílé.

Nísinsìnyí, irú rẹ̀. Èèpo ọta rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Boxer. Tàn iná sínú rẹ̀: ihò kan ṣoṣo láàárín, ti Boxer nìyẹn, irin tín-ín-rín tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà nínú práímà fúnra rẹ̀. Bí o bá rí ihò méjì, ti Berdan ni, irin náà wà lára èèpo. Jù ú sí apá kan, ẹ̀rọ tí o ní kò wà fún un. Èèpo onírin tàbí ti alumíníọ́mù, má ṣe dáwọ́ lé e rárá.

Práímà Boxer pín sí kékeré àti ńlá, ó sì tún pín sí ti ráífù àti ti ìbọn ìléwọ́. Níbí ni ojú ti ń tan ènìyàn. Kékeré ti ráífù àti kékeré ti ìbọn ìléwọ́ fẹ̀ bákan náà, 0.175 íǹṣì, èyí lè wọ ojú ibi tí ìyẹn ń wọ̀ láìyọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n idẹ ti ráífù nípọn jù, nítorí ipá ráífù ga jù. Fi ti ìbọn ìléwọ́ sínú ráífù, abẹ́rẹ́ lè lu ojú rẹ̀ já, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná wá tú sẹ́yìn síhà ojú rẹ. Fi ti ráífù sínú ìbọn ìléwọ́, òòlù tí kò lágbára lè gún un kó má dún. Ní ti ńlá, ìbú wọn dọ́gba ní 0.210 íǹṣì, ṣùgbọ́n ti ráífù ga jù ti ìbọn ìléwọ́ lọ, bí o bá tì í wọ èèpo ìbọn ìléwọ́, yóò yọ orí síta. Ọ̀rọ̀ práímà tó yọ orí síta ń bọ̀.

Èyí tí wọ́n kọ «magnum» sí lára, iná rẹ̀ lágbára jù, tàbí ó pẹ́ jù. Wọ́n ṣe é fún ẹ̀tù tó pọ̀ nínú èèpo ńlá, fún àwọn ẹ̀tù kan tí kì í tètè gbaná, àti fún ibi tí òtútù ti mú gan-an. Houston kì í ṣe ibi òtútù. Ibi tí ìwé bá ti pè é nìkan ni kí o ti lò ó. Ọ̀dọ́ a máa rò pé ohun tó lágbára jù ló dára jù; nínú iṣẹ́ yìí, ìrònú yẹn a máa gé ènìyàn níka.

Bí ìbọn rẹ bá jẹ́ irú èyí tó ń fúnra rẹ̀ kó ọta, wo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn tó tọ ipasẹ̀ ìbọn ológun, abẹ́rẹ́ kò ní sípíríǹgì tó dì í mú, ó ń lọ síwá sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí ìbọn bá ti ọta tuntun wọlé ni abẹ́rẹ́ ń fọwọ́ kan práímà díẹ̀. Práímà tó bá rọ̀ jù lè bú láìjẹ́ pé ìka rẹ wà lórí apátí. Ilé iṣẹ́ CCI ní èyí tí wọ́n ṣe le fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà 41 fún kékeré, nọ́ńbà 34 fún ńlá. Ṣe é pọ̀ mọ́ ohun tí ìwé rẹ wí.

Fún ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́, nọ́ńbà 209 ni ọ̀pọ̀ jù lọ práímà rẹ̀ ń jẹ́, orúkọ kan náà sì ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Iná wọn kò dọ́gba. 209A ti ilé iṣẹ́ Federal gbóná ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jọ ọ́ lọ. Ẹni tó bá fi rọ́pò èyí tí ìwé kọ ti gbé ipá ọta náà sókè láìfi hóró ẹ̀tù kan kún un.

Títì í wọlé tún ṣe pàtàkì tó yíyàn án, mo fẹ́ẹ̀ lè sọ pé ó jù ú lọ. Fọ ojú ihò tó máa jókòó sí, kí èérí àtijọ́ má baà gbé e sókè. Tì í títí ìdí rẹ̀ yóò fi kan ìsàlẹ̀. Fi ìka ra ojú rẹ̀: kí o má ṣe gbọ́ gègéré kankan, kí ó rì díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú idẹ. Èyí tó bá yọ orí, nínú ìbọn tó ń fúnra rẹ̀ kó ọta, ó lè bú kí ìbọn tó ti dáadáa. Nínú irú ìbọn mìíràn, ohun tó ń ṣe ni pé ìgún àkọ́kọ́ kàn ń tì í wọlé ni, kò ní dún. Wọ gíláàsì ààbò lójú. Má mu tábà níbẹ̀. Má fi epo kan práímà, kódà ọ̀rá ọwọ́ rẹ, ó lè pa á. Bí o bá sì ti tì í wọlé tán tí o rí i pé o ti ṣe àṣìṣe, má fi tipátipá gún un jáde láti inú.

Ní ti ìpamọ́, inú àpótí tí ó bá wá láti ilé iṣẹ́ ni kí ó máa gbé títí ọjọ́ ìlò. Ẹ̀ka kéékèèké tí wọ́n pín àpótí náà sí, ìdí wà fún un: bí ẹyọ kan bá bú, kí ó má ran ìyókù. Àwọn kan a máa dà á sínú ìgò kí ó lè rí rẹ́gí lórí pẹpẹ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kó bọ́ǹbù sílé. Ìlànà ààbò iná lọ́hùn-ún kò fẹ́ kí ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ nínú ilé ibùgbé. Kí ni ìwọ fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ṣe? Ìyàwó rẹ lóyún, mo gbọ́. Òjé wà nínú oògùn ọ̀pọ̀ práímà òde òní, ó sì ń kù sínú èérí èèpo tí a ti yìn. Má fọ èèpo nínú agbada ìdáná. Fọ ọwọ́ àti ojú kí o tó jẹun, má wọ ẹ̀wù iṣẹ́ náà wọ yàrá.

Ó ku ìgbà tí o bá fa apátí tí kò dún. Àwọn àgbà ti ní, ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Má yí i wò. Jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí kò ti lè pani, kí o dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ó kéré tán, kí o tó ṣí i. Iná mìíràn a máa falẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá sì dún fẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, dúró, tú ìbọn, yẹ inú ọ̀pá rẹ̀ wò: práímà nìkan lè ti orí ọta dé àárín ọ̀pá kí ó há síbẹ̀, èyí tó bá tẹ̀ lé e ni yóò fọ́ ìbọn náà.

Ìwọ ọmọ Ìwárò, o ti gbọ́ gbogbo ìyẹn. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó jẹ́ tìrẹ.

Má bínú. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjọba Oǹdó ti fọwọ́ sí òfin ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní 2020, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọdẹ lẹ ń ṣọ́ oko àti ojú ọ̀nà fún wa. Mo mọ̀ pé katirííjì wọ́n, àti pé ó ń dun ènìyàn láti máa ju èèpo pupa nù nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Ṣùgbọ́n ìwé wo ni o fẹ́ ṣí? Ẹ̀tù dúdú tí o ń rà, ta ló ṣe é, kí ni ìwọ̀n rẹ̀? Kò sí ìwé fún un. Ẹni tó ń tún katirííjì ki ní kọ̀rọ̀ ilé, tó ń fi ohun tó rí dí ojú práímà, kò mọ ipá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá tó bá sì ká a mọ́ kò ní pè é ní ọdẹ.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ, jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí o bá ní ìwé àṣẹ ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́, ra ọta tó ti ilé iṣẹ́ wá, lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti tà á, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá nọ́ńbà ara ìbọn rẹ mu. Yí ìdí rẹ̀ wò kí o tó sanwó: práímà tó ti dípẹtà, tó ní àpá abẹ́rẹ́ lójú, tàbí tó yọ orí síta, dá a padà. Èyí tí òjò Àkókó ti pa nínú àpò oko láti oṣù karùn-ún, má gbé e lé orí ààrò kí ó gbẹ. Má sì tú u láti kó ẹ̀tù inú rẹ̀.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ẹ̀tù inú rẹ̀ yẹn. Ẹ̀tù aláìléèéfín tó wà nínú katirííjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀tù dúdú. Tí ènìyàn bá tú u sínú ṣakabùlà, tó wọ̀n ọ́n bí ó ṣe ń wọn ẹ̀tù dúdú, ìbọn náà yóò fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ṣakabùlà tó wà lókè wa yìí, láti Ìkàrẹ́ dé Ìsúà, ọ̀pá omi ni alágbẹ̀dẹ fi ṣe ọ̀pá wọn. Alágbẹ̀dẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò bú u, ṣùgbọ́n omi ni wọ́n ṣe ọ̀pá yẹn fún. Ẹ̀tù dúdú díẹ̀ ló lè gbà, òun náà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ọkùnrin tó bá dì í mú nígbà tó bú, ọwọ́ òsì tó fi gbé ọ̀pá rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ.

Fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ oníkápù, tó sì ní ìwé rẹ̀: inú agolo tí ó bá wá, kí a dé e pa, ni kí kápù máa gbé. Má dà á sí àpò ṣòkòtò pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ àti owó wẹ́wẹ́. Má dé kápù sí ìbọn nílé, má dé e sórí ọ̀kadà, má dé e nígbà tí o bá ń gun àpáta. Ìgbà tí o bá dé ojú ẹran ni kí o dé e, bí ẹran bá sì lọ, yọ ọ́ kí o tó gbéra. Òòlù tó jókòó lé kápù lórí kò nílò ju kí igi kan gbá a lọ. Bí o bá yìnbọn tán, fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú ọ̀pá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nu ún gbẹ, fi epo pa á. Oògùn kápù irú ti àtijọ́ a máa fi iyọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, èérí ẹ̀tù dúdú náà sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Epo nìkan kò lè mú un kúrò, omi ló ń tú iyọ̀. Àwọn ọdẹ ìgbà èwe mi ń fọ ìbọn bẹ́ẹ̀ láìka ìwé kankan, ìbọn wọn sì pẹ́ jù wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn. Wọ́n ní ìwọ ará Ìwárò ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kí ó kó páálí práímà kan sáàárín aṣọ nígbà tó bá ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì. Ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbọ́ mi: òfin ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà kò gbà á nínú báàgì ọwọ́, kò gbà á nínú èyí tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, bó ti wù kí o dì í tó. Bí o bá sì ráyè bọ́ lọ́wọ́ wọn, aṣọ́bodè wà ní Ìkẹjà. Mú bàtà òjò méjì wá, nọ́ńbà 43, àti tọ́ọ̀ṣì tí a ń so mórí. Èyí ni àwọn ọdẹ Ìwárò nílò lọ́wọ́ yìí.